Edge tó kọ̀ tí kò lọ: àlàyé lórí bíráúsà tó bá kọ̀ǹpútà wá

Bí ẹ bá jókòó díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Tanke, tàbí ní agbègbè Post Office ní Ìlọrin, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: “Ẹ̀ńjíníà, ẹ bá mi yọ Edge yìí, ó ti sú mi.” Akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ ọ́, ìyá tó ń tẹ ìwé fún àwọn tó fẹ́ ṣe JAMB lè sọ ọ́, alfa tó ń fi láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wo wáàsí náà lè sọ ọ́. Ẹ̀ńjíníà á gbowó. Á ṣí ojú dúdú kan lórí kọ̀ǹpútà, á tẹ ọ̀rọ̀ gígùn kan síbẹ̀, lẹ́tà funfun á máa sáré, Edge á sì pòórá. Tó bá wá di ọjọ́ tí Windows ṣe update, Edge á tún yọjú síbi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an, oníkọ̀ǹpútà á sì máa pariwo pé wọ́n lu òun ní jìbìtì.

Ẹ̀ńjíníà lè má purọ́ o. Ó yọ ọ́ lóòótọ́, Windows ló dá a padà. Èyí tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń sanwó yìí, yíyọ kọ́ ni wọ́n fẹ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí Edge yé dá sí ọ̀rọ̀ tí wọn ò bá a sọ. Ìyẹn ṣeé ṣe, ọ̀fẹ́ ni, ọwọ́ ara yín lẹ ó fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń bá fà á.

## Kí là ń pè ní bíráúsà gan-an?

Bíráúsà ni áàpù tí a fi ń ṣí ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Chrome, Firefox, Opera, Edge: bíráúsà ni gbogbo wọn. Google kì í ṣe bíráúsà. Google ni ẹni tí à ń bi pé “ibo ni mo ti lè rí nǹkan báyìí?”, tó sì ń júwe ibẹ̀ fún wa. Bing, tí Microsoft (ilé iṣẹ́ tó ṣe Windows àti Edge) ni, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Windows ní tirẹ̀ ni ètò tó gbé gbogbo kọ̀ǹpútà ró. Òun ló ń bá kíbọ́ọ̀dù, máòsì àti fáìlì yín ṣiṣẹ́ kí áàpù kankan tó lè ṣí.

Mo ya wọ́n sọ́tọ̀ báyìí nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bínú sí Edge, Bing ló ń bínú sí. Wọ́n wá orúkọ ilé ẹ̀kọ́ kan, èsì tí Bing kó wá kò tẹ́ wọn lọ́rùn, ni wọ́n bá ní Edge ò dáa. Ẹ lè lo Google nínú Edge, ẹ sì lè lọ sínú ètò Edge kí ẹ ní kí ó máa fi Google wá nǹkan títí láé. Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ló ń bí yín nínú, ọ̀rọ̀ yín ti parí níbí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ẹ ó máa rí lójú kọ̀ǹpútà: “default”. Bíráúsà tó bá jẹ́ default ni èyí tí Windows máa pè nígbà tí ẹ bá tẹ líǹkì kan láì sọ bíráúsà tí ẹ fẹ́. Bíráúsà márùn-ún lè wà nínú kọ̀ǹpútà kan, ẹyọ kan ṣoṣo ni Windows máa kọ́kọ́ pè. Gbogbo ìjà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń bá ara wọn jà láti ọdún púpọ̀ wá, lórí ipò yẹn ni.

## Ta ló gbé e síbẹ̀, kí ló sì ń rí jẹ níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní oṣù August ọdún 1995 ni Microsoft gbé bíráúsà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, Internet Explorer. Nígbà yẹn, Netscape Navigator ló gbajúmọ̀ jù. Microsoft kò gba kọ́bọ̀ lórí tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì í mọ́ Windows. Ẹni tó ra kọ̀ǹpútà tuntun, tó sì ti bá bíráúsà nínú rẹ̀, kí ló fẹ́ tún wá òmíràn lọ fún? Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 1998, Netscape ti gbà kí AOL, ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ra òun.

Ní May 1998, ìjọba Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀ gbé Microsoft lọ sí kóòtù. Ẹjọ́ náà gùn, ohun púpọ̀ ló sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n apá kan wà tó kan ọ̀rọ̀ wa yìí gbọ̀ngbọ̀n. Microsoft ní Windows àti Internet Explorer ti di ohun kan ṣoṣo, pé ẹni tó bá yọ ọ̀kan ti ba èkejì jẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Princeton, Edward Felten, wá kọ ètò kékeré kan tó ń yọ Internet Explorer kúrò nínú Windows 98. Ní February 1999, Microsoft gbé fídíò wá sí kóòtù láti fi hàn pé ètò Felten yìí ti sọ Windows di aláìlera, tó ń wọ́ nílẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba, David Boies, ní kí wọ́n dá fídíò náà dúró, ó sì tọ́ka sí àkọlé tó wà lókè ojú kọ̀ǹpútà inú rẹ̀. Àkọlé yẹn fi hàn pé wọn ò tíì fi ètò Felten yọ nǹkankan lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi han ilé ẹjọ́. Ẹ̀rí tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi dá ara wọn láre, òun ló wá dójú tì wọ́n.

Adájọ́ Thomas Penfield Jackson pàṣẹ ní ọdún 2000 pé kí wọ́n pín Microsoft sí méjì. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìpín yẹn ní June 2001, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbà pé ilé iṣẹ́ náà rú òfin, nígbà tó sì yá Microsoft àti ìjọba yanjú ẹ láàárín ara wọn. Bíráúsà náà kò kúrò níbi tó wà.

Ní Yúróòpù, Microsoft ṣàdéhùn ní 2009 pé òun yóò máa fi bíráúsà oríṣiríṣi han oníkọ̀ǹpútà kí ó fúnra rẹ̀ yàn. Nígbà tó di 2011, ojú ìwé ìyànfẹ́ yẹn sọnù nínú ẹ̀yà Windows 7 kan fún oṣù púpọ̀. Wọ́n bu owó ìtanràn lé Microsoft lórí ní March 2013: mílíọ̀nù 561 owó yúrò.

Edge fúnra rẹ̀ dé ní July 2015 pẹ̀lú Windows 10. Ní January 2020, Microsoft tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀ lórí Chromium, ìyẹn ẹ́ńjìnì (apá abẹ́nú tó ń gbé iṣẹ́ bíráúsà ṣe) kan náà tí Google fi ṣe Chrome. Internet Explorer sì gba ìfẹ̀yìntì ní ọjọ́ 15 June 2022.

Kí wá ni èrè rẹ̀, nígbà tí a kì í sanwó fún bíráúsà? Ẹni tó bá ní bíráúsà tí ẹ ń lò ló ń pinnu ibi tí ìbéèrè yín máa kọ́kọ́ gbà lọ, ibẹ̀ sì ni owó ìpolówó ọjà wà. Nígbà tí ẹjọ́ Google ń lọ lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà, àwọn ìwé kóòtù fi hàn pé ní ọdún 2022 nìkan, bílíọ̀nù 20 dọ́là ni Google san fún Apple kí Google lè máa jẹ́ default nínú Safari, bíráúsà Apple. Ẹ tún owó yẹn kà. Wọn ò san án nítorí pé Safari ò lè ṣí Google. Wọ́n san án nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í yí nǹkan padà bí a bá ti bá a bẹ́ẹ̀.

## Kí ló dé tí bọ́tìnì “Uninstall” kò fi jẹ́ fún wa?

Ẹ wo àwọn agbo ilé àtijọ́ nílùú Ìlọrin, ní Ajíkòbì tàbí Alánàmú. Yàrá méjì lè jọ máa lo ògiri kan. Ẹ lè ti ilẹ̀kùn yàrá tí ẹ ò fẹ́ lò, ẹ sì lè fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pamọ́, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní wíwó lẹ fẹ́ wó o, òrùlé ẹni tó ń gbé yàrá kejì, lórí ògiri yẹn ló sinmi lé.

Ẹ̀ka kan wà lára ẹ́ńjìnì Edge tí kò ní ojú tí ẹ lè rí. WebView2 ni wọ́n ń pè é. Àwọn áàpù mìíràn ló ń lò ó láti fi àwọn nǹkan tó ń bọ̀ láti íntánẹ́ẹ̀tì hàn nínú ara wọn: Teams ń lò ó, Outlook tuntun ń lò ó, ìròyìn àti ojú ọjọ́ tó máa ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú Windows 11 náà ń lò ó. Bí ẹnì kan bá lọ pa gbogbo fódà tí orúkọ Edge wà lára rẹ̀ rẹ́, ó lè gba èyí mọ́ ọn, kí Outlook wá ṣí ní ojú funfun lọ́jọ́ kejì láìsí ẹni tó máa ronú kan ohun tó fà á. Bí Internet Explorer náà ṣe rí nìyẹn láyé Windows 7: ẹ lè yọ àmì tí ẹ fi sí i lára nínú “Turn Windows features on or off”, kò ní hàn mọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ nítorí àwọn áàpù tó gbára lé e.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ògiri yìí rẹ́ yín jẹ tán. Edge àti WebView2 kì í ṣe ohun kan náà, a lè mú ọ̀kan kúrò kí èkejì dúró, Microsoft sì ti ṣe é. Òfin kan wà ní Yúróòpù, Digital Markets Act, tó múlẹ̀ lórí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wọ̀nyí ní March 2024. Látàrí rẹ̀, ẹni tó wà ní Jámánì tàbí Faransé lè lọ sí “Installed apps”, kí ó tẹ “Uninstall” lórí Edge, Edge á lọ, Outlook á sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Windows kan náà ni, kọ̀ǹpútà kan náà ni. Kò sí irú òfin yẹn lọ́dọ̀ tiwa, ìdí nìyẹn tí bọ́tìnì náà fi ṣá lójú tiyín, tí kò sì dáhùn bí ẹ ti wù kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ tó.

Àwọn kan á bèèrè pé láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí wọ́n kó wá láti Yúróòpù ńkọ́? Ìbéèrè tó dáa ni. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n mú lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan Windows náà ni Windows ń wò, kì í ṣe ibi tí ẹ jókòó sí lónìí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ sábà máa ń fọ́máàtì rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sórí tábìlì, orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n á sì mú. Èyí tí a sì ń pè ní “London use” kò ní àǹfààní yìí rárá, torí pé Ìlú Ọba ti kúrò nínú àjọ Yúróòpù láti January 2020. Bí ẹ bá lọ yí orílẹ̀-èdè padà nínú “Settings” nísinsìnyí, asán ni; àfi kí ẹ tún Windows bẹ̀rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ẹ má torí Edge dán ìyẹn wò.

## Ṣé lóòótọ́ ni ó ń jẹ dátà, tó ń fa kọ̀ǹpútà sẹ́yìn?

Díẹ̀. Edge ní ohun kan tó ń jẹ́ “Startup boost”, tó máa ń jẹ́ kí apá kan lára rẹ̀ ti jí sílẹ̀ bí ẹ bá ṣe tan kọ̀ǹpútà, kí ó lè yá nígbà tí ẹ bá pè é. Bí ẹ kò bá pè é rárá, ó ti gba àyè ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ojú ewé tuntun rẹ̀ náà máa ń kó àwòrán àti ìròyìn wá ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i, dátà yín ló sì fi ń kó o.

Ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n ń gbé kiri lórí WhatsApp pé bí ẹ bá ti pa Edge, kọ̀ǹpútà á fò bí ẹyẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á gbọ́. Mo ti sọ pé ẹ́ńjìnì kan náà ló wà nínú Chrome àti Edge. Ẹni tó lé ọ̀kan lọ tó fi èkejì rọ́pò, kò rí ìyàtọ̀ púpọ̀. Chrome náà mọ̀ ọ́n bí a ṣe ń dúró sí ẹ̀yìn lẹ́yìn tí ẹ ti rò pé ẹ pa á. Dátà tí update Windows ń fà kọjá tí Edge lọ fíìfíì. Bó bá jẹ́ dátà fóònù lẹ fi ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì fún láptọ́ọ̀pù, ẹ lọ sí “Network & internet” nínú “Settings”, ẹ wá Wi-Fi tí ẹ ń lò, kí ẹ tan “Metered connection”. Windows á mọ̀ pé owó lẹ fi ń ra dátà yẹn, á sì rọra.

Ní ti kọ̀ǹpútà tó ń falẹ̀, àwọn láptọ́ọ̀pù tí mo ń rí káàkiri, RAM 4GB ni wọ́n ní, háàdì díìsìkì àtijọ́ tó ń yí gbirigbiri ló sì wà nínú wọn. Kò sí bíráúsà tó máa yá lórí irú ẹ̀. Owó tí ẹ fẹ́ fún ẹ̀ńjíníà láti yọ Edge, ẹ fi kún owó SSD, ìyẹn díìsìkì ìgbàlódé tí kì í yí. Ìyẹn lẹ máa rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lójú.

## Báwo la ṣe máa fi í sí àyè tirẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ ní bíráúsà tí ẹ fẹ́ràn nínú kọ̀ǹpútà. Edge náà lẹ lè fi gbà á wálẹ̀. Kí ẹ ṣọ́ra níbẹ̀: orí ojú ewé ilé iṣẹ́ tó ni bíráúsà náà gan-an ni kí ẹ ti gbà á, kì í ṣe líǹkì àkọ́kọ́ tí ẹ bá rí tí wọ́n kọ “Sponsored” sí lórí.

Tí ó bá ti wọlé, ẹ ṣí “Settings”, ẹ tẹ “Apps”, kí ẹ tẹ “Default apps”. Lórí Windows 11, ẹ wá orúkọ bíráúsà yín, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí “Set default” lókè. Nígbà tí Windows 11 kọ́kọ́ jáde ní October 2021, bọ́tìnì kan ṣoṣo yìí kò sí. Ńṣe ni wọ́n ní kí èèyàn máa yí irú fáìlì kọ̀ọ̀kan padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn pariwo, Microsoft sì fi í sí i ní 2022. Lórí Windows 10, ibi tí wọ́n kọ “Web browser” sí lẹ máa tẹ̀. Ó lè bẹ̀ yín pé kí ẹ gbìyànjú Edge ná. Ẹ wá “Switch anyway”, kí ẹ tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe gbogbo èyí tán, Edge á tún yọjú. Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tó wà ní Ọ̀fà, lágbègbè Poly. Akẹ́kọ̀ọ́ á na fláàṣì rẹ̀: “Àńtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ slip yìí, wọ́n máa ti ọ́fíìsì láìpẹ́.” Àńtí á ki fláàṣì bọ̀ ọ́, á tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, Edge á ṣí. “Ẹ ò rí ayé! Ṣebí mo ti lé e lọ lánàá?” Ó lé e lóòótọ́, lórí líǹkì. Slip yẹn, PDF ni, ètò tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé, PDF ló ń ṣí láti àárọ̀ dalẹ́, nítorí náà ojú rẹ̀ kò lè kúrò lára Edge. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ PDF kan, ẹ mú “Open with”, kí ẹ mú “Choose another app”, ẹ yan áàpù tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì tẹ “Always” kí ẹ tó jáde. Bóyá ìdajì àròyé tí mò ń gbọ́ lórí Edge, ibí yìí ló ń parí sí.

Ó ku ibì kan tí agbára yín kò ká: àpótí ìwánǹkan tó wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì Start. Bí ẹ bá wá nǹkan orí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, Edge àti Bing ló máa dáhùn, default yòówù kí ẹ ti yàn. Ní Yúróòpù wọ́n ti ní ìyànfẹ́ síi. Níbí, ẹ kàn má wá nǹkan íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀.

Àmì Edge tó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ mú “Unpin from taskbar”. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Edge lẹ́ẹ̀kan, ẹ lọ sí “Settings” rẹ̀, sí “System and performance”, kí ẹ pa “Startup boost” àti èyí tó sọ pé kí ó máa ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á. Tí update bá dá àmì náà padà sójú kọ̀ǹpútà, ẹ tún yọ ọ́. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Bí ẹ bá ti fi Edge pa páswọ́ọ̀dù mọ́, ẹ kó wọn jáde kí ẹ tó pa á tì. Fáìlì CSV tí ó máa kó wọn sí, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i ló máa rí gbogbo páswọ́ọ̀dù yín ní ìhòòhò. Ẹ kó o sínú bíráúsà tuntun, kí ẹ pa fáìlì náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì tún pa á rẹ́ nínú “Recycle Bin”. Ní ṣọ́ọ̀bù tí ogún èèyàn ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan lójúmọ́, mi ò rò pé ó tilẹ̀ yẹ kí bíráúsà kankan máa bá yín pa páswọ́ọ̀dù mọ́.

## Àwọn ọ̀nà wo ló léwu?

Ọ̀rọ̀ gígùn tí ẹ̀ńjíníà ń tẹ sínú ojú dúdú yẹn, ètò ìyọ-Edge tí Microsoft fúnra rẹ̀ kọ ló ń pè. Ó máa ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn ẹ̀yà kan, lẹ́yìn náà Microsoft dí i lórí àwọn tuntun. Ìyẹn kò burú jù, owó yín nìkan ló lè ṣòfò. Èyí tó burú ni kí ẹni náà pa update Windows kí Edge má bàa padà. Update yẹn ló ń dí ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Ẹni tó bá pa á nítorí Edge ti ṣí gbogbo ilé sílẹ̀.

Èyí tó burú jù lọ ni àwọn áàpù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní “Edge Remover” tí ẹ kò mọ ẹni tó kọ wọ́n. Wọn á ní kí ẹ fún wọn ní àṣẹ tó ga jù nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì pa ohun tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì. Àlejò tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ lé ọdẹ lọ kí òun tó wọlé, kí lẹ rò pé ó wá ṣe?

Bí kọ̀ǹpútà bá sì jẹ́ ti ọ́fíìsì tàbí ti ilé ẹ̀kọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án láì sọ fún ẹni tó ń bójú tó o. Àwọn ojú ewé àtijọ́ kan wà tí Internet Explorer nìkan ló lè ṣí wọn, Edge sì ni ó jogún iṣẹ́ yẹn: ó ní ipò kan, “IE mode”, tí Microsoft ṣèlérí pé yóò wà ó kéré tán títí di 2029.

## Èwo ló wá yẹ kí a yọ ní tòótọ́?

Bíráúsà tí ẹ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, tó dé lọ́jọ́ tí ẹ gba áàpù ọ̀fẹ́ kan láti fi yí PDF padà sí Word tàbí láti fi gba fídíò wálẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà kékeré pé àwọn máa fi í kún un, ẹ tẹ “Next”, “Next”, “Next”, ó wọlé. Ẹ ó dá a mọ̀: ojú ewé àkọ́kọ́ yín á yí padà láì jẹ́ pé ẹ yí i, ìpolówó á máa fò sókè, ohun tí ẹ bá wá á máa gba ibì kan tó ṣàjèjì kọjá kí ó tó dé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣépè fún Edge, irú àlejò báyìí ló wà lára kọ̀ǹpútà wọn.

Èyí kò ní ògiri tó jọ ń lò pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ sí “Settings”, “Apps”, “Installed apps” (lórí Windows 10, “Apps & features” ló ń jẹ́), kí ẹ tò wọ́n ní ti ọjọ́ tí wọ́n wọlé. Ẹ wo ohun tó wọlé lọ́jọ́ tí wàhálà bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ “Uninstall”. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo inú bíráúsà yín fúnra rẹ̀, ní “Extensions” (àwọn àfikún tí wọ́n so mọ́ bíráúsà), kí ẹ yọ ohun tí ẹ kò mọ̀ níbẹ̀. Kí ẹ wá jẹ́ kí “Windows Security” tó bá kọ̀ǹpútà wá yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ọ̀fẹ́ ni.

## Fóònù ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ kan náà, orúkọ ló yàtọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, Chrome ló bá fóònù wá, kò sì ṣeé yọ. “Disable” lẹ máa rí dípò “Uninstall”. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, Chrome á kúrò lójú fóònù, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wà níbi tí wọ́n kó o sí láti ilé iṣẹ́, nítorí náà ẹ má retí pé àyè ńlá máa ṣí sílẹ̀. Àwọn bíráúsà mìíràn tí ẹni tó ṣe fóònù náà kó sínú rẹ̀, ẹ tẹ̀ wọ́n wò. Òmíràn ní “Uninstall”, òmíràn kò ní. Kí ẹ tó tẹ “Disable”, ẹ rí i pé bíráúsà mìíràn ti wà níbẹ̀, kí ẹ sì ti yàn án ní “Default apps” fóònù náà. Bí líǹkì kan bá kọ̀ tí kò ṣí lẹ́yìn náà, ibi tí ẹ ti tẹ “Disable” náà ni “Enable” wà.